Law ni mo fi sí JAMB, Faransé ni wọ́n fún mi: ṣé kí n gbà á àbí kí n padà lọ jókòó?

Ọmọ_Arẹ̀mú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí lọ́kàn rú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Law ni mo fi sí fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì mi ò dé ibi tí wọ́n gé e sí, ni wọ́n bá ní kí n wá ṣe Faransé. Mo ṣe Faransé dé SS3 torí tísà kan wà ní ilé-ìwé wa tó fẹ́ràn mi, mo sì gba B3, àmọ́ mi ò rò ó rí pé nǹkan téèyàn máa fi ọdún mẹ́rin kọ́ ni. Bàbá mi ní "ọdún mẹ́rin láti kọ́ bọ́n-ṣúù?" Màmá mi ò sọ nǹkan kan, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé àwọn náà ò fẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n fọwọ́ sí i. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n dúró ọdún kan kí n tún JAMB ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

BàbáOlóòótọ́:
Ọmọ mi, bàbá ẹ ò purọ́. Àbúrò ìyàwó mi ka Faransé jáde, ó sìnrú ìlú tán, ọdún mẹ́ta ló fi wáṣẹ́. Ibi tó padà já sí ni ilé-ìwé aládàáni kan tí wọ́n ti ní kó máa kọ́ Faransé, kó máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó tún máa jókòó ti àwọn ọmọ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Owó tí wọ́n ń san fún un, mi ò ní sọ ọ́ síta nítorí Ọlọ́run. Tún JAMB ṣe jàre. Kí ni ọdún kan nínú ọjọ́ ayé èèyàn.

Jẹ́jẹ́_ni:
Google Translate ti dé o, láti 2013 ló ti ń túmọ̀ Yorùbá pàápàá, ká má wá sọ Faransé. Ẹ jẹ́ kọ́mọ ọlọ́mọ lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà 😂

Àǹtí_Àgbádárìgì:
Ẹ dákun ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí iṣẹ́ mi lẹ̀ ń sọ yẹn, ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ Faransé. Àbúrò mi, ohun tẹ́nìkan ò tíì sọ fún ẹ ni pé ọmọ Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ Faransé lọ́wọ́ òfìfo.

Wò ó, tí mo bá wọ kíláàsì tí mo ní ọgọ́rin ni quatre-vingts, ìyẹn ogún lọ́nà mẹ́rin, àwọn ọmọ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé á máa pariwo pé irú ìṣirò wo nìyẹn. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni ọgọ́rin fúnra ẹ̀? Ogún mẹ́rin ni! Bí àwọn bàbá ńlá yín ṣe ń kà á nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nù. Àádọ́rin ni ibi tí ọ̀nà ti pínyà, àwọn Faransé ní ọgọ́ta lé mẹ́wàá, àwa ní ọgọ́rin dín mẹ́wàá. Ohùn inú imú tó ń pa àwọn ará London lára yẹn ńkọ́? "Bon" yẹn, ṣé kì í ṣe inú "ìbọn" ló wà ni? "Vin", ẹ pe "ìyẹn" wò kẹ́ ẹ gbọ́. Tu àti vous, ìwọ àti ẹ̀yin ni, ta ló fẹ́ jókòó kọ́ ọmọ Yorùbá nìyẹn. Kìkì pé àwọn ọmọ wọn lè pe bàbá wọn ní tu, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹni tó bá gbé ìyẹn délé, èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.

Ibi tí wàá ti sunkún ni akọ àti abo. Tábìlì di obìnrin, ìwé di ọkùnrin. Àwa tá a ní "ó" kan ṣoṣo fún bàbá, fún ìyá, fún ewúrẹ́, a wá ń wo ìdí tábìlì bóyá akọ ni àbí abo. Mo ṣì máa ń ṣì í títí dòní, ẹ má sọ fáwọn ọmọ mi.

Ní ọdún kẹta, Àjárá ni wọ́n máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé lọ, ní Àgbádárìgì níbí, abúlé Faransé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991, kò jìnnà sí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Ibẹ̀ ni wàá gbé fún sẹ́ṣọ̀n kan. Èmi ṣe tèmi tán, mo ní kò tíì tó mi, mo fowó ara mi lọ lo oṣù mẹ́ta ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, kí Faransé mi lè dán. Ṣé ẹ mọ èdè tí mo sọ níbẹ̀? Yorùbá! Ìyá tó ń ta àkàsà, oní-zemidjan (ọlọ́kadà ibẹ̀), onílé, Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń dá mi lóhùn. Mo sọ fún ìyá onílé pé Faransé ni mo wá kọ́ o, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ fi Faransé kí láàárọ̀?"

Àwọn ọmọ wọn ló yọ mí. Faransé ni àwọn ọmọ yẹn fi ń kàwé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Tí mi ò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, Yorùbá ni wọ́n fi ń là á yé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo kọ́ Faransé tí mi ò gba ojúlé Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe ń yára wọlé. Gbogbo ọdún tí mo ti lò níwájú, Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Faransé, bí ẹni tó fẹ́ lọ Ìbàdàn láti Ọ̀yọ́ tó kọ́kọ́ gba Ìlọrin.

BàbáOlóòótọ́:
Àǹtí, mo rẹ́rìn-ín gan-an, ọ̀rọ̀ ọgọ́rin yẹn dùn. Àmọ́ ọgọ́rin yẹn ò kún àpò. Ní 1996 èmi fúnra mi gbọ́ ọ lórí rédíò, Abacha ní Faransé máa di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, àwọn kan sáré lọ ra ìwé. Ní 1998 wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́. Níbo ló já sí? Ẹ dé sẹkitéríàtì lónìí kẹ́ ẹ kí wọn ní bọ́n-ṣúù, wọ́n á bi yín pé ta lẹ wá rí.

Ògbufọ̀_Àbújá:
Bàbá, òótọ́ lẹ sọ lórí 1996 yẹn, ẹnu lásán ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó tẹ́ ẹ fẹ́ ká sọ. Ògbufọ̀ ìpàdé ni mí, Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. ECOWAS tí olú-ilé ẹ̀ wà ní Àbújá níbí, èdè mẹ́ta ni wọ́n ń lò, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Potogí. Kò sí ìpàdé tí wọ́n lè ṣe láìsí àwa tá a wà nínú àpótí gíláàsì lẹ́yìn. Nígbà tí Mali, Burkina Faso àti Niger jáde ní January 2025, àwọn kan ń pè mí pé iṣẹ́ mi ti parí. Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́, Tógò, Côte d'Ivoire, Sẹ̀nẹ̀gàl? Ọ̀nà yòówù kéèyàn gbà jáde ní Nàìjíríà lórí ilẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ń fi Faransé ṣiṣẹ́ ìjọba ló máa bá.

Àmọ́ mi ò ní tan ọmọ yẹn jẹ. Dìgírì Faransé nìkan ò sọ èèyàn di ògbufọ̀. Mo jáde, mo ṣe tísà fún ọdún méjì, mo tó lọ ṣe másítàsì iṣẹ́ ògbufọ̀ ní Yunifásítì Ghana ní Legon, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin méjì ló máa wà nínú àpótí yẹn, bí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lẹnìkan ń sọ kó tó gbé e fún ìkejì, torí ọpọlọ ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó o bá jáde níbẹ̀ á dà bí ẹni pé wọ́n gún ẹ nínú odó. Oṣù kan lè wà tí wọ́n máa pè ẹ́ nígbà mẹ́fà, oṣù méjì lè wà tí fóònù ò ní dún. Ìgbà tó bá dún sha, owó ẹ̀ dáa, ìyẹn ni mo lè sọ ní gbangba.

Ohun kan tún wà. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, èdè A, B, C la fi ń pe èdè téèyàn ní. A ni èyí tó o mu mọ́mú, B ni èyí tó o lè túmọ̀ sí dáadáa, C ni èyí tó o gbọ́ yé ṣùgbọ́n tí o kì í túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bá bi wá pé kí ni A wa, ojú wa á kọ́kọ́ ṣú. Yorùbá wa ò dá ṣáṣá, Gẹ̀ẹ́sì wa náà ní àlébù tiẹ̀. Mo mọ àwọn tí Faransé wọn dùn bí oyin tí wọ́n fìdí rẹmi ní ìdánwò torí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń túmọ̀ sí ló ń yọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ará_Bayreuth:
Hmm, ọ̀rọ̀ A yẹn gún mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Jámánì ni wọ́n fún mi ní tèmi, àbúrò, ìwọ ṣì ní B3, èmi ò mọ "ẹ káàárọ̀" nínú ẹ̀. Ilé-ìwé girama wo ló ń kọ́ Jámánì lọ́dọ̀ wa? Láti A B C ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa, àwa mọ́kànlá, nígbà tá a fi jáde a ku márùn-ún. Akọ àti abo tí Àǹtí ń sunkún lé lórí, tàwọn Jámánì mẹ́ta ni, akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo, ọmọdébìnrin wá lọ bọ́ sínú ẹ̀kẹta yẹn, das Mädchen, ẹ bá mi bi wọ́n ohun tọ́mọ náà ṣe fún wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe á sì lọ sá pamọ́ sí ìparí gbólóhùn, wàá máa dúró dè é bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀ nígbà tí kò sí epo. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí ojú ilé ni Sie. Tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ẹ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ "wọ́n" ni wọ́n máa fi bá ẹ sọ̀rọ̀. Ṣé kì í ṣe bá a ṣe ń sọ pé "bàbá ti dé, wọ́n ti ń jẹun" nìyẹn?

Lẹ́yìn dìgírì mo wá sí Bayreuth fún másítàsì. Wọn kì í gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wa níbí, àmọ́ kó o tó rí físà gbà, wọ́n á ní kó o lọ ti owó ọdún kan mọ́ báńkì, €11,904 ni láti 2024, tàbí kó o rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ bíi ti DAAD. Ẹ má jẹ́ kẹ́nìkan fi "ọ̀fẹ́ ni Jámánì" tàn yín jẹ.

Wàyí o, ilé iṣẹ́ ọnà kan wà nílùú yìí tí wọ́n ń pè ní Iwalewahaus. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó gbé ní Ìbàdàn àti Òṣogbo nígbà kan, ló dá a sílẹ̀ ní 1981, ìwàlẹwà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, òyìnbó kan tó gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ni mí wá bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí n ṣàlàyé bí ìwà àti ẹwà ṣe jọ ń rìn nínú oríkì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo ilẹ̀. Láti JSS3 ni mo ti fi Yorùbá sílẹ̀ o. Mo lè sọ fún un nípa àwọn akéwì Jámánì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àmọ́ oríkì ìdílé ara mi, ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni mo mọ̀, ìyẹn náà torí ìyá àgbà máa ń fi jí mi. Mo pe ìyá mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí wọ́n kà á fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n ń fi oríkì gba físà ní Jámánì ni.

Jẹ́jẹ́_ni:
Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ ìtàn dídùn, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí Google.

Màmá_Peckham:
Ìwọ ọmọ yìí, èmi á dá ẹ lóhùn. Ọsibítù ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní London níbí, àárín dókítà àti àwọn ìyá wa. Ìyá kan wá, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà wọ́n láàmú. Dókítà ti tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kí n tó dé, fóònù ní ìdí ló ń yọ ìyá, wọ́n sì ti ń múra láti yẹ ìdí àgbàlagbà wò. Ìdí ìyá ò ní nǹkan kan! Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, inú ń kùn wọ́n, wọ́n ní kéèkì táwọn jẹ níbi ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ àwọn ló fà á. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó parí ẹ̀.

Òmíràn wá, ó ní "nǹkan ń rìn mí lára, orí ń gbóná, oorun ò kun ojú mi." Tó o bá túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á máa wá kòkòrò lára obìnrin. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣe máa ń ròyìn ìbànújẹ́ tó ti wọ egungun nìyẹn, àwọn dókítà ọpọlọ nílé mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo sọ fún dókítà pé ohun tó sọ rèé, ohun tó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ rèé, ẹ bi í bóyá ẹnìkan kú. Ọkọ ẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́rin.

Gírámà kọ́ ló kọ́ mi nìyẹn o. Lítíréṣọ̀ ni, gbogbo eré àti ewì tí wọ́n ń fi agídí mú wa kà nígbà yẹn, tí wọ́n á ní kí ni ẹni yìí ń sọ tí kò fẹ́ la ẹnu sọ. Mo kórìíra kọ́ọ̀sì yẹn nígbà náà, C ni mo gbà.

Jẹ́jẹ́_ni:
Màmá, mo ti gbọ́ o. Ẹ ṣeun mà. Mo yọwọ́.

Adétutù_onígèlè:
Èmi ò kọ́ èdè òyìnbó kankan ní tèmi, Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi bú mi. "Ṣé ẹ ò gbọ́ Yorùbá nílé yín ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀bà. Nígbà tí mo rí Fulbright FLTA gbà, ètò Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú mìíràn lọ kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì wọn ní èdè fún sẹ́ṣọ̀n kan, òun náà ló gbé mi lọ sí eápọ̀ọ̀tù.

Ní kíláàsì, ọmọ kan na ọwọ́ sókè, ó ní "kú" inú "ẹ kú iṣẹ́" yìí, ṣé "kú" tó ń pa èèyàn ni? Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́, èmi ò tíì ronú kàn án rí. Kíláàsì gírámà tí mo ti ṣe ní yunifásítì ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn. Òmíràn fẹ́ mọ ìdí tí ẹ kú fi bá òjò lọ, tó bá ìjókòó lọ, tó bá ewu lọ. Àwọn ọmọ yẹn padà di ẹni tó ń kí mi ní "ẹ kú òtútù" láàárọ̀ nínú yìnyín, inú mi sì máa ń dùn débi tí mo fi máa ń gbàgbé òtútù.

Bàbá Olóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mọ ohun tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kà ní Ìbàdàn? Faransé! Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n lọ gba másítàsì lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Èkó ní 1978. Àwọn náà ni wọ́n gbé eré Ṣóyínká padà sí Yorùbá tó di Ikú Olókùn Ẹṣin. Ọlábíyìí Yáì ńkọ́, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Faransé ni wọ́n fi dàgbà nílé-ìwé, wọ́n kọ́ni ní Ifẹ̀, wọ́n kọ́ni ní Yorùbá ní Bahia ní Brazil, wọ́n kọ́ni ní Florida, ní 2007 wọ́n di alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO. Ní Bahia yẹn, wọ́n ti dá ibùdó kan sílẹ̀ ní yunifásítì Salvador láti 1959, Lasebikan láti ọ̀dọ̀ wa níbí sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ fi Yorùbá hàn wọ́n nínú kíláàsì. Ẹni tó bá gbọ́ Potogí pọ̀ mọ́ Yorùbá lónìí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ iye iṣẹ́ ìwádìí tó ń dúró dè é níbẹ̀.

BàbáOlóòótọ́:
Ìṣọ̀lá ka Faransé? Ẹ̀yin ọmọ yìí. Mo ti ń wo eré bàbá yẹn láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Ó dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé ọmọ náà pé gbogbo ẹni tó ka Faransé kọ́ ló ń di Ìṣọ̀lá. Àbúrò ìyàwó mi ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ọmọ_Arẹ̀mú:
Ẹ ṣé gan-an ni o, gbogbo ìgbà ni mò ń tún un kà. Ìbéèrè kan ló kù. Law yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Tí mo bá ṣe Faransé tán, ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀ ti tì nìyẹn?

Ògbufọ̀_Àbújá:
Kò tì rárá. Ẹni tó bá ti ní dìgírì lè gba Direct Entry wọ Law, á bẹ̀rẹ̀ láti 200 level. Wá gbọ́ ohun tí àwọn tó ń lé Law kiri ò mọ̀: OHADA. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1993 ni, ìlú 17 ni wọ́n wà nínú ẹ̀, òfin káràkátà kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, Cameroon wà níbẹ̀, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ ibẹ̀. Ọmọ Àlàbá tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kùtọ́nu, lọ́yà wo ló máa ka ìwé yẹn fún un? Lọ́yà tó gbọ́ Faransé ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo ń bá wọn ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Àmọ́ má fi ìyẹn pa kíláàsì ẹ tì o. Kó o tó jáde, rí i pé o ti gba ìwé ẹ̀rí ìdánwò Faransé tí wọ́n ń pè ní DELF, ìpele B2, torí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ò mọ ohun tí máàkì yunifásítì ẹ túmọ̀ sí, B2 ló mọ̀.

Ọmọ_Arẹ̀mú:
Mo ti san owó ìgbàwọlé láàárọ̀ yìí. Mo ka ọ̀rọ̀ ọgọ́rin yẹn sí bàbá mi létí, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní kí n ka àádọ́rùn-ún. Mo ní quatre-vingt-dix, ọgọ́rin lé mẹ́wàá. Wọ́n ní "àwọn yẹn ò mọ̀ ọ́n kà, ọgọ́rùn-ún dín mẹ́wàá ni." Wọn ò tíì ní àwọn gbà o, àmọ́ àwọn ni wọ́n fún mi ní ìdajì owó náà. Wọ́n tún ń bi mí pé tí mo bá dé Àjárá, ṣé wọ́n máa jẹ́ ká dọ̀bálẹ̀ kí tísà.

Àǹtí_Àgbádárìgì:
Sọ fún bàbá ẹ pé ẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe bọ́n-ṣúù, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Atúmọ̀-èdè ńlá tí mo fi ṣe dìgírì wà nílé níbí, má lọ ra tuntun, owó ẹ̀ ti ga jù. Fi àdírẹ́sì ibùdókọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya o, gbogbo ojú-ewé W ti já dànù, àmọ́ ta ló ń wá W ní Faransé.